Ẹ Wo Ìdí Àwo Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ àwo ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe àwo tí a fi ń bu ọbẹ̀ ni mo ń wí o. Àwo tánńganran àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kan ń wá kiri, tí wọ́n ń rà, tí wọn kò sì jẹ́ fi jẹun láéláé, bí kò ṣe pé kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri tàbí kí wọ́n tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí, kí ojú wọn lè máa gbádùn rẹ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni lẹ́tà kan tí ọmọkùnrin wa kan tí ń gbé ní Birmingham kọ sí mi. Ó ní ó tó ọdún méjì tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí àwọn Òyìnbó máa ń wa mọ́tò wọn wá sí pápá kan, tí wọn a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọn a sì máa ta ẹrù àlòkù wọn. Ó ti ní mẹ́rìnlá báyìí. Ní òpin oṣù yìí ni àjọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń dá yóò kàn wọ́n, owó náà sì tó 2,000 pọ́n-ùn. Ọkùnrin kan wá sọ fún un pé òun ní àpótí mẹ́ta tí ó kún fún àwo àtijọ́, pé bí ó bá lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tà á ní ìlọ́po mẹ́ta kí ọdún tó yí po. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nítorí kí òun lè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àwọn ṣe dá àjọ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.”

Ọmọ mi, mo gbọ́. N óò dá sí i, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe bí adájọ́, nítorí pé kòtò tí o fẹ́ kó sí yìí, èmi ti kó sí i rí.

Kí n tó sọ bí ó ti rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwọn àwo náà ti wá fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Ìlú kan wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Stoke-on-Trent. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan ní 1910: Tunstall, Burslem, Hanley, Stoke, Fenton àti Longton. Bí a bá ti dárúkọ Òkèlélé ní Ìlọrin, tí ọkàn wa a lọ sí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn Òyìnbó máa ń lọ sí àwo bí a bá ti dárúkọ Stoke. Èédú tí wọ́n fi ń dáná wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, amọ̀ pupa náà sì wà. Amọ̀ funfun ni wọ́n ń kó wá láti Cornwall àti Devon. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá kan tán ní 1777, tí ó so odò Trent mọ́ odò Mersey, ọkọ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó amọ̀ wọlé, ó ń kó àwo jáde, ọ̀nà gbágungbàgun kò sì fọ́ ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́ mọ́. Láyé ọjọ́un, ààrò ńláńlá tí wọ́n mọ bí ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 níbẹ̀. Èéfín wọn a sì bo ìlú bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Òfin tí ìjọba ṣe nípa èéfín ní 1956, pẹ̀lú iná gáàsì àti iná mànàmáná tí wọ́n wá ń fi sun àwo, ló sọ àwọn ààrò wọ̀nyí di ohun àtijọ́. Àwọn tí ó ṣẹ́kù lónìí kò pé 50.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́rin tí ẹni tí ń wá àwo yóò máa bá pàdé.

Èkíní ni àwo funfun tí àwòrán rẹ̀ dà bí aró. Igi kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣẹ́ dẹ̀ sílẹ̀, afárá kan wà tí ènìyàn mẹ́ta ń gbà kọjá, ẹyẹ méjì sì ń fò lókè. Willow ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ń tà á máa ń pìtàn pé ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọmọbìnrin kan bá olólùfẹ́ rẹ̀ sá fún bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì di ẹyẹ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti hun ún kí àwo lè tà. Kódà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán náà ní àfarawé ti Ṣáínà. Wọn a gbẹ́ ẹ sára bàbà, wọn a fi àwọ̀ kùn ún, wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì lẹ bébà náà mọ́ àwo. Bí ẹ bá wo etí àwo náà dáadáa, ẹ óò rí ibi tí orí bébà kan ti pàdé òmíràn, tí ìlà kò sì bára mu.

Èkejì ni iṣẹ́ Josiah Wedgwood, ẹni tí wọ́n bí ní Burslem ní 1730, tí ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1759. Ìgbóná ba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ ní kékeré, wọ́n sì gé e ní 1768, ṣùgbọ́n kò tìtorí èyí dẹ́kun dídán amọ̀ wò. Láàárín ọdún 1770 sí 1780 ni ó rí èyí tí wọ́n ń pè ní Jasper, tí ojú rẹ̀ kì í dán, tí ó máa ń ní àwọ̀ ojú ọ̀run, tí àwòrán funfun sì yọ jáde lára rẹ̀ bí iṣẹ́ ọnà ara ìlẹ̀kùn ààfin.

Ẹ̀kẹta ni ajá amọ̀ méjì tí àwọn Òyìnbó ń gbé sí ọ̀tún àti òsì lókè ibi ìdáná ilé wọn. Bí ìbejì ni wọ́n, ọ̀kan kọjú sí èkejì. Ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan, kí ó mọ̀ pé ìdajì ọjà ni òun rà.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Clarice Cliff. Tunstall ni wọ́n bí i sí ní 1899, ọmọ ọdún 13 sì ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwo kíkùn. Ní 1927, wọ́n fún un ní àwọn àwo àti jọ́ọ̀gì tí ó ti ní àbùkù, tí kò tà, tí wọ́n kó jọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ó fi àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ yòò kun wọ́n ní àwòrán onígun mẹ́ta tí ó bo àbùkù náà mọ́lẹ̀, ó sì pè wọ́n ní Bizarre. Àwọn tí ó rò pé kò ní í tà ni ẹnu yà jù. Ní 1928 ó gbé òdòdó Crocus jáde. Ìlà ofeefee tí ó wà lókè dúró fún oòrùn, ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó wà nísàlẹ̀ sì dúró fún ilẹ̀. Òdòdó Crocus yìí gan-an ni ó gbé mi ṣubú.

Ní 1994, Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ìyàwó mi sì ń ránṣọ fún àwọn ènìyàn wa tí ń ṣe ìyàwó àti àwọn tí ń sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti gbó, ó ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń já òwú. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi tọ́jú 180 pọ́n-ùn tí yóò fi ra òmíràn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó kó owó náà fún mi pé kí n bá òun rà á bọ̀.

Mo ń lọ lọ́nà, mo ní kí n kàn yà wo ọjà àwọn aláwo àtijọ́ kan. Ẹsẹ̀ mi ì bá má yà! Mo rí jọ́ọ̀gì kan tí òdòdó Crocus wà lára rẹ̀, orúkọ Clarice Cliff sì wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin tí ń tà á ní 250 pọ́n-ùn ni. Mo ní n kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní kí n mú 180 wá, àfi bí ẹni pé ó ti yọjú wo inú àpò mi. Mo sọ fún ara mi pé bí ó bá di ọjọ́ Ajé, n óò ta jọ́ọ̀gì náà ní ìlọ́po méjì, n óò ra ẹ̀rọ, owó yóò sì ṣẹ́kù. Mo sanwó.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wo jọ́ọ̀gì, ó wò mí. Ó ní, “Olówó orí mi, ṣé èyí ni yóò máa bá mi ránṣọ?” Kò tún sọ ohunkóhun mọ́. Ní òru ọjọ́ náà, mo dìde, mo bá a lábẹ́ iná tí ó ń fi ọwọ́ rán aṣọ ẹni tí yóò ṣe ìyàwó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé jọ́ọ̀gì náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ra irú rẹ̀. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi dá a padà fún mi, ó ní bí n óò bá gba pọ́n-ùn márùn-ún, kí n wí. Mo sáré padà sí ọjà; ẹni tí ó tà á fún mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà Òyìnbó kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ Burslem ni. Láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọdún 14 ni ó ti wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwo ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, kí ó tó lọ́kọ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbé jọ́ọ̀gì náà tọ̀ ọ́ lọ. Kò tilẹ̀ wo òdòdó rẹ̀. Ó da jọ́ọ̀gì dé, ó wo ìdí rẹ̀. Ó fi èékánná kàn án; dípò kí ó dún gbọnran bí agogo, ṣe ni ó dún bí igbá tí ó ti sán. Ó fi ìka tọ ọwọ́ jọ́ọ̀gì náà, ó sì fi ibi tí wọ́n ti fi àtè lẹ̀ ẹ́ hàn mí, tí wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Lẹ́yìn náà ni ó wá wo òdòdó. Ó ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ìfà búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni fún ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan, kì í padà lọ tún un ṣe. Bí ó bá kan àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀, yóò da ohun èlò náà dé, yóò sì fà wọ́n fẹẹrẹ. Ó ní ẹni tí ó kun tèmi yìí ń gbọ̀n, ó ń wo ẹlòmíràn kọ ni, bí ọmọdé tí ń da bébà lé ìwé.

Mo jókòó, mo dákẹ́. Ìyá náà dìde, ó yọ àwo kékeré kan lára ògiri rẹ̀, òdòdó pupa mẹ́ta péré ló wà lójú rẹ̀. Ó yí i padà. Ní ìdí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, àmì tóótòòtó mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó ní iye àwo tí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan bá kùn ni wọ́n fi ń sanwó fún un, nítorí náà olúkúlùkù ní àmì tirẹ̀. “Àmì tèmi nìyẹn,” ni ó wí. “Owó oúnjẹ ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wà nínú rẹ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ojú àwo, ti ẹni tí ń tà á ni. Ìdí rẹ̀ ni ó ń sọ ti ẹni tí ó ṣe é. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe àfikún iṣẹ́ kí n tó ra ẹ̀rọ fún ìyàwó mi. Ohun tí ìyá náà sì kọ́ mi, òun ni mo fẹ́ kọ́ yín yìí.

Ẹ yí àwo padà. Bí ẹ bá rí “England” nídìí rẹ̀, láti 1891 síwájú ni, nítorí òfin Amẹ́ríkà ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. “Made in England” sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ti 1850 ni irú rẹ̀, irọ́ ló pa. Bí ẹ bá rí àmì tí ó dà bí ojú dáyámọ́ńdì tí lẹ́tà àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, láàárín 1842 sí 1883 ni wọ́n forúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti 1884, “Rd No” àti nọ́ńbà ni. Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí ẹ bá rí nídìí àwo: ó lè jẹ́ ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe àwo. Bí orúkọ Wedgwood bá sì ní lẹ́tà “e” lẹ́yìn “g,” kì í ṣe ti Josiah.

Ẹ fi etí gbọ́ ọ, ẹ fi ìka tọ́ ọ. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tánńganran tí wọ́n fi eérú eegun màlúù pò mọ́ amọ̀, òjìji ìka yín yóò hàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gán ẹ̀yìn àwo bí a ti ń gán igbá, ẹ má bínú sí i. Láyé àtijọ́, ohun tí a bá fẹ́ràn ni a ń gán. Ẹ ṣáà má san owó èyí tí ó pé. Ní ti ajá amọ̀, ihò ìdí ti àtijọ́ sábà máa ń kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ihò náà bá tóbi, tí ó rí roboto, ẹ fura pé ti ìsinsìnyí ni.

Ẹ má fi wọ́n jẹun. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi mú ojú ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ dán, ọbẹ̀ ata àti ohun kíkan sì lè fà á jáde. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n, kì í ṣe omi híhó.

Àwọn kan yóò bi mí pé, “Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú àwo Òyìnbó?” Ó kàn wá. Ní 1787, Josiah Wedgwood tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe ohun ọ̀ṣọ́ pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ọkùnrin dúdú kan kúnlẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bèèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Wedgwood kò tà á. Ó ń fi ta àwọn tí ń bá òwò ẹrú jà lọ́rẹ. Àwọn obìnrin ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, wọ́n ń fi í há irun. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ yìí nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yí òun náà padà wò: ife tíì tí Stoke ń ṣe ń fẹ́ ṣúgà, ọ̀pọ̀ ṣúgà náà sì ti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá. Wọ́n ṣì ń kó àwọn baba ńlá wa lọ sí Bràsíl àti Kúbà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1807. British Museum ní ọ̀kan nínú ohun ọ̀ṣọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò ní í sanwó láti wọ ibẹ̀.

Ó wá kù sí ọ, ọmọ mi tí ó wà ní Birmingham. Ìlọ́po mẹ́ta tí ọkùnrin náà wí, má gbọ́. Àwo Willow pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tí yóò rà á lọ, ilé àwọn ọ̀dọ́ kò sì gba kọ́bọ́ọ̀dù ńlá mọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń fi owó gọbọi rà ní 1994 ni a ń rà ní ẹ̀dínwó lónìí. Ẹni tí ó bá ní àpótí mẹ́ta, tí kò sì fẹ́ kí o yọ àwo kọ̀ọ̀kan kí o yí i padà wò, ìwọ ni ó ń yí. Kó owó àjọ náà fún ìyàwó rẹ kí ó lọ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n má da mẹ́rìnlá tí o ní nù. Máa ra ẹyọ kan nígbà tí owó àpò tìrẹ bá gbé e, kí o sì ra èyí tí ojú rẹ fẹ́ràn, tí o lè gbé títí ikú bí kò bá tà. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ènìyàn fẹ́ ohun tí ó lẹ́wà. Owó ẹlòmíràn tí a fi ń rà á ni ó burú.

Ìyá àgbà yẹn ti kú tipẹ́. Kí ó tó kú, ó fún mi ní àwo rẹ̀ olódòdó mẹ́ta. Ó wà nínú pálọ̀ mi ní Ìbàdàn bí mo ti ń kọ̀wé yìí, jọ́ọ̀gì ayédèrú náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí olùkọ́ mi ni àwọn méjèèjì. Bí àlejò bá wá, òdòdó jọ́ọ̀gì ni ó máa ń yìn. Ìyàwó mi a rẹ́rìn-ín, a ní, “Ẹ yí i padà.”

Kí Olúwa kí ó tún pàdé wa pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.